Èèrà pupa àti èèrà dúdú ń du igi mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Èbúté-Mẹ́ta: ta ló pa ààlà fún wọn?

Ìyá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́ta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti gbà mí lọ́kàn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kòkòrò bá mi dá sí i kí bàbá onílé wa tó ṣe ohun tí a kò ní lè tún ṣe mọ́.

Igi máńgòrò ńlá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé náà, igi furúùtù kan sì wà lẹ́bàá ògiri. Láti ara igi kan dé ara èkejì ni a so okùn tí a ń sá aṣọ sí. Àwọn èèrà pupa ni ó ni máńgòrò, àwọn tí ń fa ewé pọ̀ mọ́ ara wọn títí yóò fi dà bí bọ́ọ̀lù, tí wọn a sì máa gbé inú rẹ̀. Àwọn èèrà dúdú ni ó ni furúùtù. Àwọn dúdú yìí kéré sí àwọn pupa, ìdí wọn sì rí ṣóńṣó. Bí inú bá bí wọn, wọn a gbé ìdí náà sókè títí yóò fi dé orí ẹ̀yìn wọn.

Àárín okùn ni wọ́n ti ń pàdé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé àpótí sí abẹ́ okùn náà, mo jókòó, mo sì wò wọ́n fún bí wákàtí kan. Èèrà dúdú kan rìn jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ. Èèrà pupa kan gbá a mú ní ẹsẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Kò bù ú jẹ, kò sì fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí òmíràn fi dé tí ó di ẹsẹ̀ kejì mú, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta dé, títí wọ́n fi di mẹ́fà, tí olúkúlùkù ń fà á sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ bí ìgbà tí àwọn aláwọ bá ń na awọ sí oòrùn. Ó pẹ́ kí ó tó kú. Kí ó tó kú, omi funfun kan yọ ní ìdí rẹ̀, ó sì fi kan ọ̀kan nínú àwọn pupa náà lójú. Kíá ni ìyẹn jù ú sílẹ̀, tí ó ń fi ẹnu nu ara okùn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ibì kan wà lórí okùn yẹn, tí kò gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí èèrà kankan kì í dúró sí. Àwọn pupa a rìn dé etí ibẹ̀, wọn a fi ìwo wọn kan okùn, wọn a sì padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dúdú ń ṣe. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo fi àkísà tí mo rẹ sínú omi ọṣẹ nu okùn náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nítorí pé aṣọ funfun ni mo fẹ́ sá. Nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìjà tí wọ́n ń jà níbẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ, òkú èèrà sì kún orí ṣìmẹ́ńtì nísàlẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ibi òfìfo náà tó tún fara hàn, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́; ó ti sún mọ́ ìhà furúùtù.

Bàbá onílé wa ti ra òtapíapíà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn pupa ni àwọn yóò kọ́kọ́ pa, nítorí pé àwọn èèrà yìí bu àwọn ọmọ mi jẹ nígbà tí wọ́n ń ká máńgòrò, mi ò sì lè sọ pé bàbá kò rò ó dáadáa. Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni àwọn èèrà wọ̀nyí ṣe ń mọ ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí, nígbà tí kò sí ògiri tàbí òpó kankan lórí okùn? Ṣé nítorí pé mo nu okùn ni ìjà ọjọ́ náà fi le tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá sì pa àwọn pupa tán, ṣé a óò sinmi, àbí àwọn dúdú ni yóò wá gba igi méjèèjì?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ṣómólú:

Ìyá Ìbejì, mo kí yín fún ojú tí ẹ fi wo nǹkan. Ọdún pípẹ́ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, díẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí mo rí tí ó lè jókòó ti okùn aṣọ fún wákàtí kan.

Àwọn èèrà pupa yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Oecophylla longinoda. Ẹ̀yà méjì péré ni irú wọn tí ó wà láàyè lónìí, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, àti Oecophylla smaragdina tí ó wà láti Íńdíà títí dé àríwá Ọsirélíà. Wọn kò ní oró ní ìdí bí agbọ́n. Ẹnu ni wọ́n fi ń la awọ ara, wọn a wá tẹ ìdí wọn síwájú, wọn a sì tú omi kíkan sí ojú ọgbẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ta àwọn ìbejì yín bí ata. Ní ti ilé wọn, àwọn ọmọ wọn tí ó ṣì wà ní ìdin ni ó ni òwú. Àwọn àgbà a fa ewé méjì sún mọ́ ara wọn, òmíràn a sì gbé ìdin kan sẹ́nu, á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín ewé méjèèjì bí ahunṣọ òfì ti ń sọ ọ̀kọ̀, títí òwú yóò fi so wọ́n pọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ilé ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdílé ọ̀tọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo àwọn tí ó wà lórí máńgòrò yín. Agbo kan lè ní ilé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ó tàn kálẹ̀ lórí igi mélòó kan, iye èèrà tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè tó 500,000, kí ó sì jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ni ó ń yé ẹyin fún gbogbo wọn. Irú agbo ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè jẹun yó bí kò bá ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Òórùn ni wọ́n fi ń pa ààlà. Ní ọdún 1977, Bert Hölldobler àti Edward O. Wilson tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèrà yìí gan-an, wọ́n sì fi hàn pé bí ó bá dé orí ilẹ̀ tuntun, ó máa ń kán omi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kán lẹ́yìn ẹ̀kán, òórùn omi yìí sì yàtọ̀ láti agbo kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí agbo méjì pàdé lórí ilẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn ti sàmì sí, àwọn tí ó ni àmì ni ó tètè pe àwọn ará ilé wọn jọ, àwọn náà ni ó sì ń borí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn ilé rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ a máa jà pẹ̀lú ìgboyà. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn àlejò a máa ṣọ́ra, a sì máa wá ọ̀nà àtipadà. Ohun tí ẹ rí nìyẹn nígbà tí wọ́n fi ìwo kan okùn tí wọ́n sì pẹ̀yìn dà.

Nítorí náà, ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni o, ó jọ pé àkísà yín ló dá ìjà ọjọ́ Ajé sílẹ̀. Ẹ nu àmì ìhà méjèèjì kúrò, okùn náà sì di ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ẹni tí ó bá tètè kó èrò dé ni yóò gbà á, àwọn pupa yín sì mọ bí a ti ń kó èrò. Èyí tí ó bá rí ọ̀tá a máa sáré padà sílé, á fi òórùn to ojú ọ̀nà, bí ó bá sì pàdé ará ilé rẹ̀, á la ẹnu, á máa ju ara rẹ̀ síwájú sẹ́yìn níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń jà gan-an, ìyẹn á sì yé èkejì pé ogun ni wọ́n ń pè é sí. Ọ̀nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ méjèèjì yìí rí tí èèrà náà ń gbà pe ara wọn: ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ilẹ̀ tuntun, ọ̀kan fún kíkó lọ sí ilé mìíràn, méjì sì wà fún ọ̀tá, èyí tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó jìnnà.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń wú mi lórí. Ní Ọsirélíà, Hölldobler kíyè sí i pé létí ààlà ilẹ̀ wọn, àwọn èèrà yìí a máa kọ́ àwọn ilé kan tí kò sí ẹyin tàbí ọmọ nínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti dàgbà ni ó ń gbé ibẹ̀ bí ọmọ-ogun inú bárékè. Àwọn ọ̀dọ́ ń tọ́ ọmọ ní àárín ìlú, àwọn ìyá àgbà sì ń ṣọ́ ibodè, nítorí pé obìnrin ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ wo ilé ewé tí ó súnmọ́ okùn yín jù lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀ Kòkó, Súrùlérè:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì fọ́n ohunkóhun sí máńgòrò yẹn. Súrùlérè ni mo ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n inú oko kòkó bàbá mi lẹ́bàá Òǹdó ni mo dàgbà sí, mo sì ti fi ojú mi rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá wa kórè bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé èèrà pupa kò jẹ́ kí àwọn gbádùn iṣẹ́. Bàbá mi ní kí wọ́n gé gbogbo ilé ewé náà lulẹ̀ kí wọ́n sì dáná sun ún, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá kan oko náà. Inú gbogbo wa dùn fún ìgbà díẹ̀. Kò tó ọdún kan tí àwọn èèrà dúdú fi sọ̀kalẹ̀ láti orí igi ìbòji tí wọ́n wà, wọ́n sì gba apá oko yẹn. Mo rántí pé mo fi èékánná ṣí ohun kan tí ó dà bí òrùlé kékeré, tí wọ́n fi ilẹ̀ àti èérún igi mọ sí ibi tí èso kòkó ti so mọ́ ara igi. Àwọn kòkòrò funfun onílẹ́búlẹ́bú, tí wọ́n dà bí ẹni pé a fi ẹ̀lùbọ́ pa wọ́n lára, ni mo rí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tò gbágbágbá, àwọn èèrà dúdú sì dúró tì wọ́n bí darandaran. Èso igi náà kò sàn bọ̀rọ̀ ní ọdún yẹn.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti kọ nípa rẹ̀ tipẹ́. Ní Gánà, ní nǹkan bí ọdún 1970, P. M. Room, Jonathan Majer àti Dennis Leston ṣe iṣẹ́ lórí èèrà inú oko kòkó. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá wo orí igi láti òkè, ilẹ̀ àwọn èèrà dà bí ẹ̀kú egúngún tí a fi ìrépé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀. Ẹ̀yà alágbára kan ni ó ni ìrépé kọ̀ọ̀kan, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀yà alágbára mìíràn bá a gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèrà kéékèèké tí kò lè du nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́, ó máa ń fi ara dà wọ́n. Níbi tí ìrépé méjì ti pàdé ni ogun wà. Lára àwọn tí ó máa ń ni ìrépé ni èèrà pupa yín, èèrà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tetramorium aculeatum, àti oríṣiríṣi Crematogaster. Ìdí ṣóńṣó tí ẹ sọ pé àwọn dúdú ń gbé sórí ẹ̀yìn jẹ́ kí n gbà pé Crematogaster ni wọ́n. Àwọn kan nílé máa ń pè wọ́n ní tàǹpẹ́pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn a máa bá ọ̀pọ̀ èèrà dúdú ajẹni lọ.

Ohun tí ó jẹ àgbẹ̀ lógún nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìrépé kọ̀ọ̀kan ní àrùn tirẹ̀. Níbi tí èèrà pupa bá ti pọ̀, àwọn kòkòrò tí ń gún kòkó, Sahlbergella singularis àti Distantiella theobroma, kì í gbèrú, nítorí ẹran ìjẹ ni wọ́n jẹ́ fún wọn. Níbi tí Crematogaster bá ti jọba, àwọn kòkòrò funfun yẹn ni ó máa ń gbilẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí wọ́n mọ fún wọn, àwọn kòkòrò funfun yìí ni ó sì ń gbé àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Gánà ní ọdún 1936, tí ó sì ti mú kí wọ́n gé àìmọye mílíọ̀nù igi kòkó lulẹ̀ níbẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó ṣiṣẹ́ ní Gàmbàrí lẹ́bàá Ìbàdàn náà rí i pé ilẹ̀ tí àwọn èèrà kan fi ń mọ òrùlé ni ó ń gbé àrùn Phytophthora tí ń sọ èso kòkó di dúdú gun orí igi. Bẹ́ẹ̀ ni èèrà méjì ń du ẹ̀ka, tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ àgbẹ̀ sì ń yí padà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta yín ni pé ilẹ̀ tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ èèrà pupa kò ní ṣófo. Àwọn tí ó wà lórí furúùtù ń dúró de ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́ta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá Tíṣà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín náà, Ọmọ Àgbẹ̀. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ kòkòrò funfun yẹn tán, mo jáde lọ sídìí furúùtù. Láti bí ọdún kan ni aṣọ tí mo bá sá sí ìhà ibẹ̀ ti máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ewé igi náà sì dúdú lójú bí ẹni pé ẹ̀dú ni a fi kùn ún. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ni gbogbo wa ń dá lẹ́bi. Mo yí ewé kan padà. Àwọn nǹkan kan lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́bàá iṣan ewé, wọ́n rí róbótó, wọ́n funfun díẹ̀, wọn kò sì rìn nígbà tí mo fi igi ìtayín tì wọ́n. Èèrà dúdú kan dé, ó fi ìwo méjèèjì lu ọ̀kan nínú wọn jẹ́jẹ́, omi kan sì yọ tó tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́, ó sì mu ún. Ṣé ohun tí ẹ ń wí nìyí?

Olùtọ́jú Ọgbà, Ìkẹjà:

Òun gan-an ni, Ìyá Ìbejì. Omi ara igi ni àwọn kòkòrò yẹn ń fà. Ṣúgà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè lò lọ, nítorí náà wọn a máa yọ èyí tí ó ṣẹ́kù jáde ní ìdí. Èyí tí èèrà kò bá rí mu ni ó ń kán sórí aṣọ yín. Ohun dúdú tí ẹ rí lójú ewé jẹ́ irú nǹkan tí ń hù sára búrẹ́dì tí ó ti bu, orí omi dídùn náà ni ó sì ti ń jẹun. Ẹ má ṣe dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ọmọ Àgbẹ̀, kí a má baà gbé èèrà pupa gẹ̀gẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn náà ń sin kòkòrò tí ń fa omi igi. Bí ẹ bá ṣí ilé ewé wọn, ẹ ó rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n tún jẹ́ ọdẹ tí kì í fojú fo ohunkóhun, gbogbo kòkòrò tí ó bá bà sórí igi ni wọ́n ń dọdẹ, èyí sì ni ó mú kí wọ́n wúlò fún igi eléso. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2007 pé máńgòrò tí èèrà pupa wà lórí rẹ̀ kì í ní ìdin eṣinṣin tó èyí tí kò ní i. Kì í ṣe nítorí pé èèrà ń mú eṣinṣin jẹ nìkan. Èso tí èèrà ti rìn lórí rẹ̀, eṣinṣin kì í fẹ́ yé ẹyin sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òórùn tí èèrà fi sílẹ̀ lórí èso náà ni ó ń lé eṣinṣin. Ẹ rántí pé láti ọdún 2003 tí wọ́n ti rí eṣinṣin èso tí ó wá láti ilẹ̀ Éṣíà ní Kẹ́ńyà, ó ti tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà, ó sì ti ba máńgòrò púpọ̀ jẹ́. Ṣé ìdin kì í pọ̀ nínú máńgòrò yín? Bí kò bá pọ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí tipẹ́. Àkọsílẹ̀ wọn tí ó ti wà láti ọdún 304 sọ pé wọ́n ń ta ilé èèrà irú èyí lọ́jà fún àwọn tí ó ní oko ọsàn, nígbà tí ó yá, wọ́n tún ń fi ọparun ṣe afárá láti igi sí igi kí èèrà lè gba oko náà tán. Okùn aṣọ yín ń ṣe iṣẹ́ ọparun yẹn, àmọ́ ọwọ́ tí ó so ó kò mọ̀.

Ọ̀tá kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ, tí kì í sì í gbé orí igi. Èèrà kékeré orí-ńlá tí ń jẹ́ Pheidole megacephala ni. Inú ilẹ̀ àti ìdí igi ni ó ń gbé, ó sì wọ́pọ̀ níhìn-ín l'Ékòó lábẹ́ páfùmẹ́ńtì àti ìkòkò òdòdó. Ní Zanzibar, ní nǹkan bí ọdún 1950, M. J. Way rí i pé bí èèrà yìí bá gba ìdí àgbọn, kò ní jẹ́ kí èèrà pupa rọ́nà gòkè sọ̀kalẹ̀. Èèrà pupa á kú tán lórí igi náà, kòkòrò Pseudotheraptus wayi á sì wá gún àwọn ọmọ àgbọn títí wọn yóò fi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbó. Bí ẹ bá da òtapíapíà sórí máńgòrò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí kò sí nínú ìjà rárá ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ tú okùn yẹn kúrò lára igi méjèèjì, kí ẹ ri òpó méjì mọ́lẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi àkísà tí a fi gírísì pa yí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ gé ẹ̀ka furúùtù tí ó kan òrùlé tàbí tí ó kan máńgòrò. Bí ẹ bá fẹ́ ká èso, ẹ lo gọ̀ǹgọ̀ láti ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì gbọ́dọ̀ gun igi, kí ó fi eérú gbígbẹ pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi ń ṣe.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ṣómólú:

Olùtọ́jú Ọgbà wí ire. Ọ̀rọ̀ omi dídùn yẹn sì mú mi rántí ìdí tí ìjà ilẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀ lórí igi inú igbó kìjikìji. Láàárín àwọn onímọ̀, ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà wọ́n láàmú: èèrà pọ̀ lókè igi ju bí ẹran ìjẹ tí ó wà níbẹ̀ ṣe lè bọ́ wọn lọ. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọdẹ nìkan. Omi ara igi ni wọ́n ń mu, ní tààrà tàbí láti ìdí kòkòrò. Ṣúgà yẹn ni ó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí a lè fi ṣòfò lójú ogun. Nítorí náà, igi tí ó ní kòkòrò onísúgà lórí dà bí ilẹ̀ tí ó ní kànga. Ẹni tí ó bá ni ín kò ní fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé igbó kún fún ẹ̀yà méjì mẹ́ta bí ẹ̀yìnkùlé wa. Wilson ka èèrà tí wọ́n rí lórí igi kan ṣoṣo nínú igbó Perú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1987: ẹ̀yà 43 ni, iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èèrà tí ó wà ní erékùṣù Bìrìtéènì. Láti lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀, àwọn alágbára díẹ̀ a pín ẹ̀ka láàárín ara wọn, àwọn tí ó kù a sì máa fi ọgbọ́n gbé: òmíràn ń jẹun lóru nígbà tí onílé bá sùn, òmíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí, òmíràn ń gbé inú igi òkú tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ìrépé wọ̀nyí kò sì dúró lójú kan títí láé. Igi a wó, agbo a kú bí ìyá rẹ̀ bá kú, ààlà a sì tún yí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún sọ fún Ìyá Ìbejì. Àwọn ẹranko kan máa ń fi ara da aládùúgbò tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n a sì kọjú ìjà sí àlejò. Ní Ọsirélíà, Philip Newey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2010 pé ọ̀rọ̀ yí padà fún èèrà yìí: agbo tí ó wà nítòsí ni ó máa ń kórìíra jù, nítorí pé òun ni ó lè gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Bí ẹ bá rí i pé èèrà pupa ilé kejì yín àti tiyín pàdé lórí ògiri, ẹ wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ìjà tí ẹ óò rí le ju ti okùn lọ.

Ìyá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́ta:

Ẹ̀yin ará, mo ka gbogbo èyí sí etí bàbá onílé wa ní alẹ́ àná. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ àgbọn Zanzibar lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí a gbé òtapíapíà náà pa mọ́ títí a óò fi ká máńgòrò ọdún yìí tán. Ìdin kò pọ̀ nínú máńgòrò wa rí. N kò ronú sí ohun tí ó fà á rí títí di òní. Káfíńtà ti wá ri òpó méjì mọ́lẹ̀ fún okùn, gírísì sì wà ní ìdí wọn.

Ní àárọ̀ yìí, mo rí i pé àwọn pupa ti rí wáyà ẹ̀ríà tẹlifíṣọ̀n tí ó ti orí òrùlé kọjá lẹ́bàá furúùtù. Ẹ̀ka máńgòrò kò kan wáyà náà. Àyè tí ó wà láàárín wọn tó ìka méjì. Àwọn èèrà bí mẹ́jọ di ara wọn mú ní ìbàdí, ọ̀kan so mọ́ èkejì, títí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ fi na ẹsẹ̀ kan wáyà, àwọn yòókù sì ń gba orí wọn kọjá. Ní òdìkejì, níbi tí ewé furúùtù ti kan wáyà yẹn, àwọn dúdú ti tò, gbogbo ìdí wọn wà lókè. Láàárín wọn, mo rí ibi òfìfo kan. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n: kò tíì ju ìka mẹ́ta lọ.